Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́: Àwọn Ọmọ tó Kọ́ Ọ Dà?

Nígbàkígbà tí ètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tuntun bá bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ohun mẹ́ta ni etí ará ìlú máa ń gbọ́: iye owó tí wọ́n ná, iye ẹ̀rọ tí wọ́n kó dé, àti iye ọmọ tó forúkọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ ìṣíde, àwọn aláṣẹ yóò sọ̀rọ̀, àwọn oníròyìn yóò ya àwòrán, àwọn òbí yóò sì ṣe àdúà pé kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí i. Bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá kọjá, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú gbogbo ìbéèrè kì í sábà jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni: àwọn ọmọ tó gba ibẹ̀ kọjá dà? Mélòó nínú wọn ló ń fi iṣẹ́ náà jẹun? Mélòó ló tipa rẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga? Mélòó ló ti pa irinṣẹ́ tì, tó lọ ń wa ọ̀kadà?

Ẹni tó gbin àgbàdo a máa padà lọ sí oko láti wò ó bóyá ó hù. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbin ọmọ ènìyàn sínú ètò ẹ̀kọ́ kì í padà lọ wo ohun tí wọ́n gbìn. Bẹ́ẹ̀ ni ètò kan ń kú, tí òmíràn ń rọ́pò rẹ̀, tí àṣìṣe ti àkọ́kọ́ sì ń tún ara rẹ̀ bí nínú èkejì.

Ọ̀nà mẹ́ta tí kì í pàdé

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú Awẹ́ àti àwọn ìlú yòókù ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijió gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀dọ́ tó bá parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Awẹ́, ní Fìdítì tàbí ní Ìlọràá máa ń bá ọ̀nà mẹ́ta pàdé. Èkíní ni ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ gíga, bí owó àti èsì ìdánwò bá wà. Èkejì ni ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá, níbi tí yóò ti kọ́ iṣẹ́ télọ̀, káfíńtà, wẹ́dà, mẹkáníìkì tàbí iṣẹ́ iná. Ẹ̀kẹta ni títì Ìbàdàn àti Èkó, níbi tí ẹni tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ń lọ wá ohunkóhun tó bá rí.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kì í sábà pàdé ara wọn. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá lè mọ iṣẹ́ náà dójú àmì, ṣùgbọ́n kò ní ìwé tó lè gbé e wọ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Ọmọ tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe lè gba ìwé-ẹ̀rí lórí ẹ̀rọ tí kò fọwọ́ kàn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹni tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ sì ń ṣàròyé pé ẹni tó ní ìwé kò mọṣẹ́, ẹni tó mọṣẹ́ kò lè ka ìwé àlàyé ẹ̀rọ. Ètò tó dára ni èyí tó bá so ilé-ẹ̀kọ́ girama, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ibi iṣẹ́ pọ̀ bí ẹni so okùn mẹ́ta. Bí a bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ètò kan so wọ́n pọ̀ ní tòótọ́, àwọn ọmọ tó jáde níbẹ̀ ni ẹ̀rí.

Òdiwọ̀n tó ti wà tipẹ́

Òdiwọ̀n yìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Láyé àtijọ́ títí di òní, a kì í fi bí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ti tóbi tó mọ ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ kọ́ni. Òbí tó fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ a kọ́kọ́ ṣe ìwádìí: àwọn ọmọṣẹ́ wo ló ti gbòmìnira lọ́dọ̀ rẹ̀? Níbo ni wọ́n wà? Ṣé wọ́n ti dá dúró? Bí ó bá gbọ́ pé márùn-ún nínú mẹ́fà ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀. Bí ó bá gbọ́ pé ńṣe ni ọ̀gá náà ń rán àwọn ọmọṣẹ́ lọ fọ aṣọ tó sì ń rán wọn lóko, a mú ọmọ rẹ̀ gba ibòmíràn lọ. Láìlo kálámù, àwọn òbí wọ̀nyí ti ṣe ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní ìgbéléwọ̀n ètò.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù pẹ̀lú kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ ọwọ́. Nínú ìtàn àwọn Ànábì, Núhù kan ọkọ̀, Dáwúdà fi irin ṣe ẹ̀wù ogun, Sakariyà sì ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Nítorí náà, kò yẹ kí Mùsùlùmí kan máa wo ọmọ tó lọ kọ́ṣẹ́ bí ẹni tí ìwé kọ̀. Ohun tó yẹ ni kí ó bèèrè bóyá ibi tó lọ yóò sọ ọ́ di ènìyàn. Ọmọ tí òbí fi síkàáwọ́ olùkọ́ àmánà ni, owó tí ìlú dá sórí ètò náà àmánà ni, àmánà kò sì níye lórí lọ́dọ̀ ẹni tí kò jíhìn rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìlọràá

Ẹni tó bá ń wá àpẹẹrẹ kò ní láti rìn jìnnà sí Awẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláṣẹ mọ̀ pé ní ìparí ọdún 1960, ogunlọ́gọ̀ ọmọ yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò sì ní lè gba gbogbo wọn. Nítorí èyí ni ìjọba ṣe gbé ètò àgọ́ àwọn àgbẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1959, nígbà tí Olóyè Akin Deko jẹ́ Mínísítà fún ètò ọ̀gbìn. Wọ́n wo àwòkọ́ṣe àwọn abúlé àgbẹ̀ ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Èrò wọn ni pé kí ọmọ tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ lọ gba ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n fún un ní ilẹ̀, ilé, irinṣẹ́ àti owó oúnjẹ títí ohun ọ̀gbìn rẹ̀ yóò fi so. Ìlọràá wà lára àwọn ibi tí wọ́n dá irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960.

Bí a bá wo ètò yìí lórí ìwé, kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ wà, ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà, iṣẹ́ sì ń dúró de ọmọ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé owó tí wọ́n ń ná lórí ọ̀dọ́ kan ṣoṣo pọ̀ ju ohun tí ìjọba lè ná lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ. Igi bíi kòkó, ọ̀pẹ àti rọ́bà ń fẹ́ ọdún púpọ̀ kó tó so, sùúrù ọ̀dọ́ kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ka ara wọn sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó oṣù, wọn kò ka oko náà sí ti ara wọn. Nígbà tí rògbòdìyàn òṣèlú Ìwọ̀-Oòrùn bẹ́ sílẹ̀ ní 1962, àtìlẹ́yìn tó wà lẹ́yìn ètò náà dín kù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi àgọ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe láti fi àwọn tó dá ètò náà sílẹ̀ ṣẹ̀sín ni a ṣe ń sọ ìtàn yìí. Èrò wọn dára, ìfẹ́ wọn sí ọmọ tálákà sì hàn. Ohun tó yẹ ká rí dì mú níbẹ̀ ni pé àwọn tó ka ọ̀dọ́ tó dúró àti èyí tó lọ ni wọ́n jẹ́ kí ayé mọ ibi tí bàtà ti ń ta ètò náà lẹ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iye ilé tí wọ́n kọ́ sí àgọ́ nìkan ni wọ́n kà, ìròyìn ayọ̀ nìkan ni ìbá wà nínú ìwé.

Àpótí ẹ̀rọ tí wọn kò tú

Ètò tó tẹ̀lé e ni ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4, tó wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1982. Ìlànà náà fẹ́ kí gbogbo ọmọ fọwọ́ kan irinṣẹ́ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, lẹ́yìn náà kí wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin: ìdá 60 nínú 100 sí girama àgbà, ìdá 20 sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ìdá 10 sí ibùdó ẹ̀kọ́ṣẹ́, ìdá 10 yòókù sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́. Ìjọba ra ẹ̀rọ láti òkè òkun, pàápàá láti ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ẹ̀rọ náà wà nínú àpótí títí ìpẹtà fi mú wọn, nítorí pé kò sí iná, kò sí ilé tí wọn yóò tò wọ́n sí, kò sì sí olùkọ́ tó mọ̀ wọ́n lò. Ní ti ìpín mẹ́rin náà, girama àgbà ni àwọn òbí fẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ gbà lọ.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àjọ ITF tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971 ló bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES ní 1973, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lo oṣù mélòó kan níbi iṣẹ́ gidi kó tó gboyè. Ètò ọlọ́gbọ́n ni èyí. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni a ti rí tó jẹ́ pé títẹ ìwé àti ríra oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá ló fi oṣù wọ̀nyẹn ṣe? Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò kún fọ́fọ́, wọn yóò fọwọ́ sí i, wọn yóò sì ka ètò náà sí àṣeyọrí.

Ní 1986 ni ìjọba dá àjọ NDE sílẹ̀ láti fi àwọn ọ̀dọ́ sábẹ́ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́. Ní 2011 ni wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ 34 sínú ẹ̀kọ́ girama àgbà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yan ọ̀kan. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní irinṣẹ́ a sì yan iṣẹ́ tí kálámù àti pátákó ìkọ̀wé tó fún, dípò èyí tí ọmọ lè fi jẹun ní àdúgbò rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde ìlànà tuntun tó dín àwọn iṣẹ́ náà kù sí mẹ́fà: fífi iná sólà sílé àti títún un ṣe, aṣọ rírán, ẹran sísìn, ìtọ́jú ẹwà, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ọ̀gbìn èso òun irúgbìn. Mẹ́fà ṣeé bójú tó ju 34 lọ. Àwọn iṣẹ́ náà sì bá àdúgbò Afijió mu: ta ni kò mọ ọ̀pẹ̀-òyìnbó àti ọsàn Fìdítì? Ṣùgbọ́n bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kò bá ní ìwé tí wọn yóò máa fi tọpa àwọn ọmọ tó kọ́ ọ, ohun tó ṣe ẹ̀rọ inú àpótí yóò tún ṣe páńẹ́lì sólà.

Bí òótọ́ ṣe ń hàn

Àwọn kan yóò sọ pé kò dára láti dá ètò ẹ̀kọ́ lẹ́bi, nítorí pé ọrọ̀-ajé ló dẹnu kọlẹ̀. Bí iná kò bá sí, tí owó kò sì sí lọ́wọ́ oníbàárà, kí ni ọmọ tó mọṣẹ́ fẹ́ ṣe? Àwíjàre yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bákan náà ni àwọn mìíràn yóò sọ pé ọmọ tó já fáfá yóò yege níbikíbi, kì í ṣe ètò ló gbé e ga. Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ ohun tí ètò ṣe yàtọ̀ sí ohun tí orí ọmọ tàbí ìgbà ṣe?

Ìdáhùn kan wà tó wá láti Amẹ́ríkà. Ní ìlú Philadelphia ní 1969 ni irú ilé-ẹ̀kọ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Career Academy. Ẹ̀ka kékeré ni nínú ilé-ẹ̀kọ́ girama, tó so ẹ̀kọ́ inú ìwé mọ́ irú iṣẹ́ kan, tí àwọn ilé-iṣẹ́ àdúgbò sì ń gba àwọn ọmọ náà sọ́dọ̀. Ní 1993, ilé-iṣẹ́ ìwádìí MDRC bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ mẹ́sàn-án nínú wọn wò. Àwọn ọmọ tó fẹ́ wọlé pọ̀ ju àyè lọ, nítorí náà ìbò ni wọ́n fi yan àwọn tó wọlé. Wọ́n wá ń tọpa àwọn tó wọlé àti àwọn tí ìbò kò mú, ó lé ní 1,400 ọ̀dọ́, títí di ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n jáde girama. Àwọn méjèèjì ń gbé nínú ọrọ̀-ajé kan náà, ìbò sì ni ó pín wọn níyà. Bí ìyàtọ̀ kan bá hàn, ètò náà ló fà á.

Kí ni wọ́n rí? Ní ti èsì ìdánwò àti ìwé-ẹ̀rí girama, kò sí ìyàtọ̀ kan tó ṣe gúnmọ́ láàárín wọn. Bí ó bá jẹ́ pé èsì ìdánwò nìkan ni wọ́n wò, wọn ìbá ti ti ètò náà pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbọ̀ ìwádìí jáde ní 2008, ó hàn pé owó tí àwọn tó gba ètò náà kọjá ń rí lọ́dún fi ìdá 11 nínú 100 ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, àwọn ọ̀dọ́kùnrin sì ni èyí hàn lára jù. Ohun tí ìdánwò kò lè fi hàn, ìtọpa ọlọ́dún púpọ̀ fi í hàn.

Ẹ̀wẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Jámánì, òfin ọdún 1969 ló de ọmọṣẹ́, ọ̀gá àti ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ ní àdéhùn. Ọmọ ń lo bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbi iṣẹ́, ó ń lo ọjọ́ kan tàbí méjì ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ló sì ń ṣe ìdánwò fún un ní ìparí. Ọ̀gá tó kọ́ ọ nìkan kọ́ ló ń jẹ́rìí sí i.

Ohun tó ṣeé ṣe ní Awẹ́

Ìjọba tó wà ní Àbújá kò lè mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà. Awẹ́ lè mọ̀ ọ́n. Ìlú tí ènìyàn ti mọ ọmọ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni kò nílò owó ńlá láti ṣe ìgbéléwọ̀n. Nítorí náà, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí àti àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ lè ṣe nǹkan mẹ́rin yìí:

1. Kí ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà fún ètòkétò tí wọ́n bá dá sílẹ̀, kó sì ní orúkọ àwọn tí àyè kò gbà pẹ̀lú. Bí àwọn tó fẹ́ wọlé bá pọ̀ ju àyè lọ, kí wọ́n ṣẹ́ ìbò láìfi ti ọmọ ẹni ńlá ṣe. Irú ìbò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tẹ́tẹ́. Ìtàn àwọn tó ju gègé wọn láti mọ ẹni tí yóò tọ́jú Màríámù wà nínú Àlùkùránì.

2. Kí wọ́n bèèrè ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn ọdún kan àti lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tó jáde: ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ṣé iṣẹ́ tó kọ́ ni? Ṣé irinṣẹ́ rẹ̀ ni àbí ti ẹlòmíràn? Ṣé ó tẹ̀síwájú nínú ẹ̀kọ́? Kí ẹni tó ń bèèrè má sì jẹ́ ẹni tó ń darí ètò náà, nítorí pé a kì í fi ọwọ́ ara ẹni pín ọlá fún ara ẹni.

3. Kí wọ́n bá àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ṣe àdéhùn pé ọmọṣẹ́ yóò ní ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ fún ìṣirò, kíka ìwé àti ìmọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀, kí ó lè jókòó fún ìdánwò NABTEB. Àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992 ni NABTEB, ó sì ń gba ẹni tó wá láti ìta. Afárá nìyẹn láti ṣọ́ọ̀bù dé ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Kí wọ́n má ṣe yọ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ níbẹ̀. Títún fóònù ṣe àti iṣẹ́ iná sólà kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo.

4. Kí wọ́n fi apá kan nínú sàká ra irinṣẹ́ fún tálákà tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn láyé àtijọ́, pàápàá àwọn ti ọ̀nà Ṣáfíì, ti fi yé ni pé a lè fún oníṣẹ́ ọwọ́ tó jẹ́ aláìní ní irinṣẹ́ láti inú sàká. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó pa iṣẹ́ tì kò kórìíra iṣẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ẹ̀rọ wẹ́dà ni kò ní.

Ìwé yìí lè dójú ti àwọn tó dá ètò sílẹ̀. Bí ó bá hàn pé nínú ogún ọmọ, mẹ́rin péré ló ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kọ́, yóò wu àwọn kan láti fi ìwé náà pamọ́. Ẹni tó bá fi pamọ́ ti ṣe ogún ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn ní ibi, nítorí pé inú ihò kan náà ni yóò jù wọ́n sí. Ẹni tó bá kà á síta ní gbọ̀ngàn mọ́sáláṣí, tó bèèrè lọ́wọ́ àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù ohun tó dá wọn dúró, tó sì tún ètò náà ṣe, òun ló jíhìn àmánà.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí àwọn ọ̀dọ́ Afijió kọ́kọ́ wo àwọn tó jáde ṣáájú wọn kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀, kí àwọn òbí bèèrè bí àwọn baba wọn ti ń bèèrè, kí àwọn aṣáájú sì mú ìdáhùn dání kí ìbéèrè tó dé. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́, kí Ó má sì jẹ́ kí làálàá wọn já sí asán. Àmín.